Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Àwo fún Orin Ìbílẹ̀, Country àti Rock Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà

Ní oṣù Keje ọdún 1954, ilé-iṣẹ́ Sun ní ìlú Memphis gbé àwo kan jáde tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 209, tí orúkọ Elvis Presley sì wà ní ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kọ ọ̀rọ̀ ìtàn sí ẹ̀yìn irú àwo bẹ́ẹ̀ lè tètè rò pé ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n orin ojú kìíní, "That's All Right", jẹ́ ti Arthur Crudup, olórin blues aláwọ̀ dúdú láti Mississippi, ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ ní Chicago ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946. Orin ojú kejì, "Blue Moon of Kentucky", jẹ́ ti Bill Monroe, aláwọ̀ funfun láti Kentucky, tí òun náà gbà á sílẹ̀ ní Chicago ní ọjọ́ 16 oṣù yẹn kan náà. Ìlú kan ni, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló sì wà láàárín wọn, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ta wọ́n, fún oníbàárà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tó ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó pàdé lórí àwo kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àwo tí ó dára ni èyí tí yóò mú kí òǹkàwé gbọ́ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ bá balẹ̀ lórí àwo, irú rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń kọ.

Ẹ gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó ka ohunkóhun nípa rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ó kàn wọ̀ yín lára. Ní ìgbà kejì, ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ohun èlò tí etí yín bá mú sílẹ̀, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Ní ìgbà kẹta, ẹ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orin, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí ohùn olórin ti yí padà, ibi tí ó ti gbé ohùn sókè, ibi tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Nígbà kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀ láìwòye pé ìlù ló ń ti "That's All Right" síwájú, nítorí ohun tí mo ti gbà gbọ́ nípa orin rock ni mo kọ, kì í ṣe ohun tí mo gbọ́. Kò sí onílù kankan nínú yàrá náà. Gìtá ọwọ́ Presley fúnra rẹ̀ ni, gìtá oníná ti Scotty Moore, àti báàsì onígi ńlá ti Bill Black, ẹni tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá okùn mọ́ igi báàsì náà tí ó fi ń dún pàpà bí ìlù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka orí àwọn tó wà nínú yàrá kí n tó ka orúkọ wọn.

Lẹ́yìn tí etí bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó kan ojú. Bí àwo náà gan-an bá wà ní ọwọ́ yín, ẹ gbé e sí abẹ́ iná, kí ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ní ibi dídán tí kò ní ìlà orin, láàárín ibi tí orin parí sí àti etí bébà àárín àwo, ẹ lè rí nọ́ńbà tàbí lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n fín sí i. Àwọn àmì wọ̀nyí máa ń sọ ohun tí bébà kò sọ. Lórí ọ̀pọ̀ àwo ilé-iṣẹ́ Victor láti ọdún 1925 lọ, fún àpẹẹrẹ, ẹ ó rí lẹ́tà V àti E nínú òbìrí kékeré tó rí bí ẹyin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé máíkì àti iná mànàmáná ni wọ́n fi gba ohùn náà, kì í ṣe ìwo irin ti àtijọ́.

Ẹ má ṣe da nọ́ńbà tí wọ́n fi ta àwo pọ̀ mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ ìgbohùnsílẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ tí Jimmie Rodgers, olórin country, ṣe ní ọdún 1927 ni Victor 20864 ní ìsọ̀ àwọn tó ń tà á, ṣùgbọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ojú rẹ̀ kìíní ni BVE-39767, ojú kejì sì ni BVE-39768. Nọ́ńbà ìtajà lè yí padà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún àwo tẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìgbohùnsílẹ̀ kì í fi orin náà sílẹ̀, bí orúkọ àbísọ. Òun ni ẹ ó mú lọ sínú àkójọ tí Yunifásítì California ní Santa Barbara ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní Discography of American Historical Recordings. Ọ̀fẹ́ ni. Níbẹ̀ ni ẹ ti lè rí ìlú tí wọ́n ti gba orin sílẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀, àti nígbà mìíràn orúkọ àwọn tó lu ohun èlò.

Ọjọ́ tí wọ́n gba orin sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ọjọ́ tí ó dé ọjà. Robert Johnson, olórin blues, gba "Love in Vain" sílẹ̀ ní Dallas ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1937. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1938. Ọdún 1939 ni àwo náà jáde. Ẹni tí ó bá wá kọ ọ́ pé orin ọdún 1939 ni, láìfi àlàyé kún un, ti mú òkú kọrin. Tí ẹ bá mọ ọjọ́ méjèèjì, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kí òǹkàwé mọ èwo ni èwo.

Ibi tí mo gbà pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń fi ọrọ̀ sílẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Kí ọdún 1925 tó dé, iwájú ìwo irin ńlá kan ni olórin máa ń dúró sí, tí agbára ohùn rẹ̀ nìkan yóò sì mú abẹ́rẹ́ fín ìlà sára ìda. Ohùn tó lágbára ló ń wọlé dáadáa, ohùn jẹ́jẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Nígbà tí Fiddlin' John Carson gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Okeh ní Atlanta ní oṣù Kẹfà ọdún 1923, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù Keje àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 1927, Ralph Peer, ẹni tó ń wá olórin fún Victor, gbé máíkì ilé-iṣẹ́ náà dé ìlú Bristol, ní ojú ààlà Tennessee àti Virginia, ó sì gba Carter Family, ìyẹn A. P. Carter, Sara ìyàwó rẹ̀ àti Maybelle, sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 àti 2 oṣù Kẹjọ, kí ó tó gba Jimmie Rodgers ní ọjọ́ 4. Maybelle Carter jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà náà. Ọ̀nà tí ó ń gbà lu gìtá, tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń kọ orin lórí okùn ìsàlẹ̀ tí àwọn ìka yòókù sì ń gbá okùn òkè, ìba má dé etí wa ní kedere bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ iwájú ìwo irin ni ó jókòó sí. Ẹ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, òun gan-an ni ìdí tí a fi mọ ọwọ́ obìnrin yìí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àkókò. Àwo tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10, kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Orin ìtàn tí àwọn ènìyàn ń fi alẹ́ gbogbo kọ ní abúlé ní láti já ẹsẹ púpọ̀ dànù kí ó tó wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, bí ìtàn inú orin bá dà bí ẹni pé ó fò, ó ṣeé ṣe kí aago ló gé e, kí ó má jẹ́ pé olórin ló gbàgbé. Ní ti téèpù, tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ fetí sí gbohùngbohùn kúkúrú tó ń tẹ̀lé ohùn Presley nínú "Blue Moon of Kentucky". Ẹ̀rọ téèpù kejì ni Sam Phillips, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ Sun, fi ṣe é: ohùn náà ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ń pẹ́ díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ ojú, ó sì ń padà wá bá ara rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé ìlù mẹ́ta-mẹ́ta tó rọra ń lọ ni Monroe fi kọ orin náà ní 1946, tí Presley sì yí i sí mẹ́rin-mẹ́rin, tí ó sáré. Monroe kò bá a jà. Ní ọdún 1954 yẹn náà ni ó tún orin rẹ̀ gbà sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù mẹ́ta àtijọ́, tí ó sì já sínú ìlù mẹ́rin ti ọmọdé náà. Ẹ lè gbọ́ ibi tí ó ti yí i.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba sùúrù jù lọ, tí ó sì ká mi lára jù lọ, ni ti orúkọ. Orúkọ tó wà lórí bébà àárín àwo jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ ni, owó sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí orin ni Ralph Peer fi ń rí owó rẹ̀, kì í ṣe títa àwo nìkan. Orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì forúkọ sílẹ̀ ló fẹ́, nítorí òun ló lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀tun. Ìdí nìyí tí orúkọ A. P. Carter fi wà lórí ọ̀pọ̀ orin tí ó jẹ́ pé ó kàn ṣa wọ́n jọ ni, tí ó sì tún wọn tò. Ó ń rìn láti ilé dé ilé láti ṣa orin, Lesley Riddle sì máa ń bá a lọ, ọ̀gbẹ́ni aláwọ̀ dúdú tó mọ gìtá lù, tí ó ń há ohùn orin sórí bí Carter ti ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá orúkọ Riddle lórí àwọn àwo wọ̀nyẹn, ẹ kò ní rí i. "Wildwood Flower", tí Carter Family gbà sílẹ̀ ní Camden, New Jersey, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928, ti wà nínú ìwé orin títẹ̀ láti ọdún 1860, Joseph Philbrick Webster sì ni ẹni tó ṣe ohùn rẹ̀. Láàárín ọdún 68 tí ó fi ń ti ẹnu dé ẹnu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ òdòdó kan nínú rẹ̀ kò fi ní ìtumọ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó fi hàn pé àwọn ènìyàn ló gbé orin náà dé ibẹ̀, kì í ṣe ìwé.

Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti rí orúkọ ẹni tó kọ orin, ẹ béèrè ìbéèrè méjì: ta ló kọ́kọ́ kọ ọ́, ta sì ni owó rẹ̀ ń lọ bá? Nígbà tí "Maybellene" ti Chuck Berry jáde ní ọdún 1955, orúkọ méjì mìíràn bá tirẹ̀ wọ inú ẹ̀tọ́ orin náà, ti Alan Freed, atọ́kùn ètò rédíò, àti ti Russ Fratto. Kò sí ẹni tó ń sọ pé wọ́n bá Berry kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ọdún 1986 ni ẹ̀tọ́ náà tó padà di tirẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin yìí ti ní baba àgbà tirẹ̀, "Ida Red", orin ìbílẹ̀ tí Bob Wills gbà sílẹ̀ ní ọdún 1938. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àwo gba ìtàn méjèèjì, nítorí gbígba orin lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú ẹni kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú fífi orúkọ sí iṣẹ́ tí ènìyàn kò ṣe. Crudup, ẹni tí mo fi bẹ̀rẹ̀, kú ní ọdún 1974 láìrí owó tí ó tọ́ sí i gbà.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò sí lórí bébà rárá. Ní Hollywood, ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1930, Jimmie Rodgers gba "Blue Yodel No. 9" sílẹ̀, kàkàkí tó ń dá a lóhùn sì jẹ́ ti Louis Armstrong, nígbà tí Lil Hardin Armstrong wà nídìí dùùrù. Orúkọ Rodgers nìkan ni Victor tẹ̀. Òǹkàwé tó bá mọ èyí yóò gbọ́ orin náà bí ìjíròrò láàárín ọkùnrin méjì, kò sì ní lè gbọ́ ọ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tàbí kí ẹ gba ti Danny Cedrone yẹ̀ wò. Òun ló lu gìtá tó ń sáré bí omi òjò nínú "Rock Around the Clock", tí Bill Haley gbà sílẹ̀ fún Decca ní New York ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1954. Dọ́là 21 ni wọ́n san fún un. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ó kú, orin náà sì di àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà ní oṣù Keje ọdún 1955, nígbà tí ó ti wà nínú ibojì. Lílù yẹn kan náà ni ó ti lù nínú orin Haley mìíràn ní ọdún 1952, "Rock the Joint". Ẹ fi àwo méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹ tó kọ̀wé, nítorí ohun tí etí bá ti jẹ́rìí sí kò nílò ọ̀rọ̀ ìyìn púpọ̀.

Ní ti orúkọ ẹ̀yà orin, ẹ rántí pé àwọn oníṣòwò ló kọ́kọ́ pín in. Ní àwọn ọdún 1920, Columbia ní ọ̀wọ́ 14000-D fún àwọn olórin aláwọ̀ dúdú àti 15000-D fún àwọn aláwọ̀ funfun tí ó wá láti ìgbèríko Gúúsù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1949, ìwé ìròyìn Billboard yí orúkọ tí wọ́n ń pe ti àwọn aláwọ̀ dúdú padà sí Rhythm & Blues, wọ́n sì pe èkejì ní Country & Western. Ẹ lo orúkọ tí ó wà ní ọdún tí ẹ ń sọ nípa rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ti ọjà ni. Ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé ògiri wà láàárín àwọn olórin fúnra wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé àárín àwọn àwo ni ògiri náà wà.

Ìtàn àròsọ yóò wá bá yín dandan. Wọ́n ń sọ pé oríta ni Robert Johnson ti ta ẹ̀mí rẹ̀ nítorí gìtá, ṣùgbọ́n irú ìtàn yẹn gan-an ni arákùnrin Tommy Johnson sọ nípa Tommy, olórin mìíràn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Nípa orin "Rocket 88", tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Sam Phillips ní Memphis ní oṣù Kẹta ọdún 1951, àwọn kan ní ẹ̀rọ gìtá Willie Kizart já bọ́ láti orí mọ́tò, àwọn mìíràn ní òjò ló pa á. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́, pé Phillips ki bébà bọ inú rẹ̀, àti pé ohùn híhan tó jáde ni wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà la ń gbọ́ títí di òní. Orúkọ Jackie Brenston ló wà lórí àwo yẹn, ṣùgbọ́n Ike Turner ló ni ẹgbẹ́ olórin náà. Ẹ má ju ìtàn ẹnu dànù, ẹ kàn sọ ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ sì ya ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí ti fohùn ṣọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Nígbà tí ẹ bá wá jókòó láti kọ ọ́, ibi tí etí ti gbọ́ nǹkan ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe ti ibi tí wọ́n bí olórin sí bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn bíi "Orin yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí jù lọ, ó sì yí ìtàn padà" kò fún òǹkàwé ní ohun kan láti ṣe. Ẹ fi wé èyí: "Ẹ fetí sí okùn ìsàlẹ̀ gìtá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò Maybelle Carter ló ń kọ orin níbẹ̀ kí Sara tó la ẹnu, orin tí ó sì ń kọ ti pé ọdún 68 nígbà tí wọ́n gbé máíkì síwájú rẹ̀." Gbólóhùn méjì wọ̀nyí ti gba olórin, ohun èlò, ẹ̀rọ àti ìtàn orin, láìfi ọ̀kan sílẹ̀ lórí ìdúró. Ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 150 sí 250 tó fún orin kan. Ẹ kọ ọjọ́, ìlú, ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà ìgbohùnsílẹ̀ àti orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí àlàyé lè ráyè mí. Bí ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí bá wà nínú àkọlé àtijọ́, ẹ kọ ọ́ bí ó ti wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, kí ẹ má sì máa tún un pè nínú àlàyé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohùn orin náà fúnra rẹ̀ síta pẹ̀lú àlàyé yín, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2018 ni kí ẹ wò: àwọn ìgbohùnsílẹ̀ tó jáde ṣáájú ọdún 1923 ti di ti gbogbo ènìyàn láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2022, àwọn tó tẹ̀lé e títí dé 1946 sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún ààbò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àwo náà sí i, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yín sókè bí orin ti ń lọ. "That's All Right" kò pé ìṣẹ́jú méjì. Bí orin bá parí tí ẹ ṣì ń kàwé, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ́kọ́ wọ́ ìlà fa gbogbo gbólóhùn tí kò tọ́ka sí ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tán.